Afẹ́fẹ́ Ni Ọdẹ Kọ́kọ́ Ń Dẹ: Àgbọ̀nrín, Ẹtu àti Atẹ́gùn ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Èmi fúnra mi kì í ṣe ọdẹ. Olùkọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo sì ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, ní oko wa lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, lẹ́bàá àwọn òkè tí omi Olúmirìn ti ń já bọ́.

Bàbá Ọdẹ ni gbogbo àwa ọmọdé ń pè wọ́n. Wọ́n ní ìbọn ṣakabùlà kan, wọ́n ní àpò, wọ́n ní gbérí, wọ́n ní iná kábáàdì tí wọ́n ń dè mọ́rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé etí igbó, ọwọ́ wọn kì í kọ́kọ́ lọ sí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Eérú ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ. Eérú ààrò tí wọ́n ti jọ̀ kúnná, tí wọ́n di sínú àkísà kékeré bí ẹni di oògùn. Wọn á fi ìka méjì bù ú, wọn á gbé ọwọ́ sókè dé àyà, wọn á sì jẹ́ kó máa dà díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í wo ilẹ̀ tó ń dà sí; ojú wọn á máa tọ lẹ́búlẹ́bú funfun yẹn títí yóò fi pòórá lójú afẹ́fẹ́. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní ibi mẹ́ta kí wọ́n tó sọ pé, "Ó yá." Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn á di eérú wọn padà, a ó sì yí gbogbo oko po, a ó rìn tó máìlì kan, kí a tó wọ igbó láti òdì kejì. Nígbà náà mo rò pé ètùtù kan ni wọ́n ń ṣe. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dẹ kí wọ́n tó dẹ ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ kan ṣe kí a tó lọ jìnnà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe ẹran ilẹ̀ òkèèrè kan ní àgbọ̀nrín, àwọn ọmọ wa tó ń gbé Amẹ́ríkà náà sì ń fi orúkọ yìí pe ẹran tó ń já gba iwájú mọ́tò wọn kọjá lálẹ́. Orúkọ ni wọ́n yá fún un. Ìwo ẹran tòkèèrè yẹn máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù; ìwo àgbọ̀nrín tiwa kì í já. Akọ rẹ̀ nìkan ló ní ìwo, ìwo náà a sì lọ́. Ara rẹ̀ pọ́n, ó ní ìlà àti àmì funfun bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ lára. Ní gbogbo Áfíríkà, etí òkun àríwá lọ́hùn-ún, lápá Àlùjíríà àti Tùnísíà, nìkan ni irú ẹran tòkèèrè yẹn ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Àmọ́ ní ti imú, àwọn méjèèjì ló ń gbóòórùn dáadáa.

Ẹtu ní tirẹ̀ kéré. Orí ló ń dà kọ ilẹ̀ bó ti ń gba abẹ́ igbó kọjá, ó sì ní ẹṣẹ́, ihò kékeré tí omi olóòórùn ń gbà jáde, lábẹ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, tó fi ń ra òórùn mọ́ ara igi, kí ẹtu mìíràn lè mọ̀ pé ilé ẹnìkan nìyí. Ẹran tó ń fi òórùn kọ ìwé sára igi, ẹ ò rí i pé kò lè ṣàì ka tiwa. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ ẹranko kéde pé ẹ̀yà ẹtu kan tí a kò tíì kà sọ́tọ̀ rí wà láti Tógò gba Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà, wọ́n pè é ní Philantomba walteri. Orí àtẹ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú ẹ̀rí wọn. Mo ń sọ èyí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbí má baà rò pé a ti mọ gbogbo ẹran inú igbó wa tán.

Àgbọ̀nrín lè rí ọ kó má sá, bí o kò bá ti mira. Ó lè gbọ́ ìró rẹ kó gbé etí sókè, kó dúró, kó máa wò. Tó bá gbóòórùn rẹ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Á gbó, gbígbó gan-an bí ajá, ohùn kan ṣoṣo tó le koko, gbogbo ẹran tó wà nítòsí á sì mọ̀ pé èèyàn ti dé. Imú rẹ̀ tutù nígbà gbogbo, omi ara imú yẹn ló ń mú òórùn dúró kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ló fà á tí kì í fi í wọ ibi oúnjẹ ní tààrà. Yóò kọ́kọ́ lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, yóò rọra yí ibẹ̀ ká, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kó ìròyìn ibẹ̀ wá bá òun, kó tó pinnu.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọdé ọdẹ ti ń ṣìnà. Wọ́n ti gbọ́ pé kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí ọdẹ lójú, kó má fẹ́ sí i lẹ́yìn, òótọ́ sì ni. Nítorí náà wọn á lọ ba síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ gan-an, ní ọ̀kánkán oúnjẹ. Bàbá Ọdẹ máa ń sọ pé, "Ibi tí ìwọ rò pé ó dára yẹn, òun náà ló rò bẹ́ẹ̀." Ẹran tó ń yí ibi oúnjẹ ká yóò gba ẹ̀yìn ọdẹ kọjá, yóò sì bá òórùn rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi pé kí ibùba wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọdẹ kan kọjá, kí òórùn rẹ̀ lè bọ́ síbi tí ẹran kò níí gbà: odò tó jìn, àpáta tó ga, tàbí ojú ọ̀nà tí èèyàn ń rìn lójoojúmọ́. Ẹran á wá rí ojú afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ní mímọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì jáde.

Ta wá ni ń darí afẹ́fẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa? Ọ̀gá méjì ló ní. Láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí di oṣù kẹwàá, afẹ́fẹ́ láti orí òkun ló ń jọba, ó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀, òun ló ń gbé òjò wá. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, ọyẹ́ á gbéra láti aṣálẹ̀ Sàhárà, á gba àríwá ìlà oòrùn wọlé, á gbẹ ètè, á sì fi eruku bo ewé. Ọyẹ́ kì í jókòó pẹ́ ní Òṣogbo bó ti ń ṣe ní Kánò. Á wá fún ọjọ́ mélòó kan, afẹ́fẹ́ òkun á tún lé e padà, á tún bọ̀. Ọdẹ tó bá fi àná mọ òní nínú oṣù kìíní yóò sùn lébi.

Ní oko wa, igi ìyeyè kan wà níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra dà sí odò. Nínú òjò ni ìyeyè ń so, nígbà tí èso rẹ̀ bá sì ń já bọ́, àgbọ̀nrín àti ẹtu kì í jìnnà síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ òkun ló wà lóde nígbà èso, ibùba Bàbá Ọdẹ wà ní ìhà àríwá igi náà, tó tẹ̀ sí ìlà oòrùn díẹ̀, lórí igi mìíràn tí wọ́n to pákó sí ní ìlọ́po gíga ọkùnrin méjì. Gíga yẹn ń ran ni lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí òórùn ẹni tó wà lókè lè gba orí ẹran kọjá kó tó balẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kì í tilẹ̀ wo ibùba yẹn. Àwọn ẹran ti fi ìyeyè sílẹ̀ nígbà náà, ojú omi tí kò tíì gbẹ àti koríko tútù tó rú lẹ́yìn ìgbẹ́ jíjó ni wọ́n ń wá, ọyẹ́ sì ti yí gbogbo ìṣirò padà. Ìhà gúúsù odò ni wọ́n ń lọ ba sí. Ọyẹ́ ní oore tirẹ̀, ó ní ìkà tirẹ̀. Ó ń gbẹ imú ẹran, òórùn kì í sì í dúró pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí ewé gbígbẹ, gbogbo igbó ló gbọ́.

Ohun kan tún wà tí ìwé ilé ẹ̀kọ́ ń sọ tí àwọn àgbà ọdẹ ti mọ̀ tipẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀, àmọ́ ìjì ńlá oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ìhà ìlà oòrùn ló ti ń wá. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú lápá ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ pátápátá, ewé kankan kò ní mì, lẹ́yìn náà ẹ̀fúùfù tútù á yọ lójijì, á sì dojú gbogbo nǹkan rú. Ọdẹ tó jókòó dáadáa tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń fi òórùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹran. Bàbá Ọdẹ kì í dúró de òjò. Bí wọ́n bá ti rí ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọn á sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ilẹ̀ yín tẹ́jú ju tiwa lọ, ohun tí mo ti sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yín. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni iṣẹ́ wà. Láti Ẹ̀rìn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè ni, àfonífojì ni, afẹ́fẹ́ apá ibí sì fúyẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò lágbára tó láti borí ohun tí òkè fúnra rẹ̀ ń ṣe. Oòrùn òwúrọ̀ á yá ara òkè, atẹ́gùn ibẹ̀ á gbóná, á sì máa gun òkè lọ. Nírọ̀lẹ́, ilẹ̀ á tutù, atẹ́gùn tútù á wúwo, á máa ṣàn sọ̀kalẹ̀ sí àfonífojì gẹ́lẹ́ bí omi, á máa tọ ojú ìṣàn odò. Ọdẹ òwúrọ̀ ní láti wà lókè ẹran, ọdẹ ìrọ̀lẹ́ ní láti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Láàárín méjèèjì, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìgbà díẹ̀ wà tí atẹ́gùn kò mọ ibi tó ń lọ, tí eérú á yí po lójú kan bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo ti rí i tí wọ́n da eérú lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ìgbà bẹ́ẹ̀, tó gba ọ̀nà márùn-ún. Wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n jẹ obì, wọ́n sì ní a ò lọ síbì kankan títí ilẹ̀ yóò fi tutù.

Ní òru tí kò sí atẹ́gùn rárá, òórùn ọdẹ á dá yí i ká bí omi adágún, ẹran tó bá sì kàn án á yà. Àwọn tó ń dẹ òru pẹ̀lú iná orí mọ èyí; wọn kì í gbé iná dúró pẹ́ lójú kan, wọ́n ń rìn ni, wọ́n sì ń rìn lọ́nà tí afẹ́fẹ́ fi ń bọ̀ wá pàdé wọn.

Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú ìtìjú. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé wálé fún ọlidé, mo sì fi ìpara olóòórùn dídùn pa ara kí n tó tẹ̀lé wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. A jókòó síbi ìyeyè títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo rí àgbọ̀nrín kan kó tó rí wa: imú lákọ̀ọ́kọ́, dúdú, ó ń dán, ó yọ láàárín ewé méjì, lẹ́yìn náà etí kan tó ń yí lọ yí bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò gbé e kalẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ yẹn tó dúró lófuurufú, pátákò rẹ̀ kéré. Ìgbà náà ni atẹ́gùn kan, tí mi ò tilẹ̀ mọ̀ lára, gbéra láti ẹ̀yìn mi. Imú yẹn mì lẹ́ẹ̀kan. Ó gbó, ewé pa dé, ó ti lọ. Bàbá Ọdẹ sọ̀kalẹ̀ láìbínú. Nígbà tí a délé, wọ́n mú ẹ̀wù kan tí wọ́n gbé kọ́ sókè ààrò, tí èéfín ti rẹ bí aró, wọ́n jù ú sí mi. Wọ́n ní, "Tìrẹ nìyẹn. Ọṣẹ àti ìpara, ilé ni kí wọ́n máa gbé."

Àwọn àgbà wa ní àféèrí tí ọdẹ fi ń di àwátì lójú ẹran. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo bi Bàbá Ọdẹ lọ́jọ́ kan bóyá ó ń bo òórùn pẹ̀lú, wọ́n sì ní kí n lọ bu eérú wá.

Ní Amẹ́ríkà, tí ọdẹ ti ń gun igi ba de ẹran bíi tiwa, ìyẹ̀fun inú ike kékeré ni wọ́n ń fọ́n sáfẹ́fẹ́ dípò eérú. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé bí ẹ̀fúùfù bá le, ẹran kì í rìn. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi ẹ̀rọ sọ́rùn ẹran láti mọ òtítọ́ rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ní ọ̀sán ọjọ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹran ń rìn ju ti ọjọ́ tó dákẹ́ lọ díẹ̀. Òru ni ìrìn wọn ń dín kù. Ẹran ibòmíràn ni, mi ò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àgbọ̀nrín wa. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹnìkan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yìí jókòó ti àwọn àgbà ọdẹ Ìpetu àti Ìmẹ̀sí, kó kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò nínú igbó wa pẹ̀lú ẹ̀rọ, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí mo bá ro ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn Ọya ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀nà púpọ̀ ni wọ́n ń gbà pa á. Ẹlòmíràn a ní ẹfọ̀n, ẹlòmíràn a ní àgbọ̀nrín ni ọdẹ rí tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó, tó di arẹwà obìnrin, tó kọjú sọ́nà ọjà. Ọdẹ gbé awọ náà pamọ́, ó fẹ́ ẹ níyàwó, títí di ọjọ́ tí àṣírí tú nínú ilé. Ìwo ẹfọ̀n ṣì wà lójúbọ Ọya dòní. Òrìṣà tó ni ẹ̀fúùfù ni àwọn baba wa sọ pé ó jẹ́ ẹran rí. Mo gbà pé ọdẹ ló kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn, ó sì mọ ohun tó ń wí: ti ẹran ni afẹ́fẹ́ ń ṣe. Tí ọdẹ bá jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá, afẹ́fẹ́ lè gba ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án yẹn ni àgbọ̀nrín ti ń rí àyè bímọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. A ti rí ohun tí kò bẹ̀rù afẹ́fẹ́. Okùn wáyà, tí wọ́n tú lára bíréèkì kẹ̀kẹ́, tí wọ́n dẹ sí gbogbo ojú ọ̀nà ẹran: kì í mí, kì í làágùn, kì í sùn, òórùn ẹni tó dẹ ẹ́ kì í sì í pẹ́ kó tó ṣá lára rẹ̀. Kò mọ akọ, kò mọ abo, kò mọ aboyún. Èyí tó bá mú tí ẹni tó ni ín kò bá tètè dé, kó máa jẹrà nìṣó ni. Iná ìgbẹ́ náà tún nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹran là tẹ́lẹ̀ ló wá ń gbé iná lé e lẹ́yìn. Èéfín ti bo òórùn ọdẹ mọ́lẹ̀, ẹran á sì sá lọ bá ẹni tó dúró dè é níwájú. Ṣé ọdẹ nìyẹn? Mo bi ẹ̀yin àgbà ọdẹ, ẹ̀yin ni ẹ ó dá mi lóhùn. Èmi kò bá ọdẹ jà, ẹran tí ọdẹ pa ni mo jẹ dàgbà. Wáyà àti iná ni mo ń bá jà.

Ìlú Òṣogbo fúnra rẹ̀, ọdẹ ló ṣáájú débẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí ọ̀dá omi mú àwọn èèyàn Ọba Lárooyè ní Ìpólé, Tìmẹ́hìn ọdẹ ni ó rìn títí tó fi kan odò Ọ̀ṣun. Létí odò yẹn kan náà, níbi tí ọdẹ ti tẹ ìlú dó, ni wọ́n ti ka ọdẹ dídẹ àti ẹja pípa léèwọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó nǹkan bí 75 hẹ́kítà, Àdùnní Olórìṣà oníṣẹ́ ọnà, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Susanne Wenger, dúró tì í títí ó fi kú ní 2009, àjọ UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2005. Ẹ lọ wo ọ̀bọ ibẹ̀ bó ti ń súnmọ́ èèyàn. Kò sí ìtakora láàárín kí èèyàn jẹ́ ọdẹ àti kí èèyàn dá igbó kan sí. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan kò ju pé kí wọ́n ka wáyà léèwọ̀ nínú igbó tí ọwọ́ wọn ká, kí wọ́n sì má gba ọmọ kankan sí ẹgbẹ́ títí yóò fi lè da eérú, kó sì sọ ibi tí yóò ba sí àti ìdí rẹ̀.

Bàbá Ọdẹ ti lọ. Ní oṣù keje tó kọjá, mo padà sí ìdí ìyeyè. Pákó ibùba ti rà, ìṣó rẹ̀ ṣì wà lára igi. Èso ti bọ́ bo ilẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti ń kan, kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Mo ká wáyà mọ́kànlá kúrò láyìíká ibẹ̀, ọ̀kan ní egungun ẹsẹ̀ ẹtu nínú. Mo ti di eérú dání láti ilé. Mo bù ú, mo gbé ọwọ́ sókè, ó sì gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà nínú oṣù keje, ó kọjú sí àríwá ìlà oòrùn, ó sì pòórá. Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ti kọ́ mi, mo sì dúró títí ilẹ̀ fi ṣú.